Ẹlẹ́jọ́ tí ó Mọ Ẹjọ́ Rẹ̀ Lẹ́bi: Àgbéyẹ̀wò Àre, Ẹ̀bi àti Àbùkù nínú Bíbélì Yorùbá

Àṣamọ̀

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni èyí: báwo ni a ṣe lè pe Kristẹni tí ó ṣì ní àléébù ní aláìlẹ́bi, kí ọ̀rọ̀ náà má sì di irọ́? A wo ìdáhùn Pọ́ọ̀lù nínú Episteli sí àwọn ará Róòmù láti ojú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì Yorùbá yàn: dá láre, ẹ̀bi, òdodo, kà sí, àbùkù, ẹ̀gàn àti pé. Ohun tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé èdè Yorùbá ya ẹ̀bi, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdájọ́, sọ́tọ̀ kúrò lára àléébù, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dá àti ìwà, ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀gàn, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ayé. Ìyàsọ́tọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù ṣeé sọ ní Yorùbá láìtako ara rẹ̀. Bí a bá da àwọn ọ̀rọ̀ náà pọ̀, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú àdúrà àti ìwàásù lóde òní, ìdáláre yóò di ìborí lórí ọ̀tá, àìlábùkù yóò sì di ọ̀ràn orúkọ rere lásán.

Kókó-ọ̀rọ̀: ìdáláre, ẹ̀bi, àbùkù, ìtumọ̀ Bíbélì, Crowther, Pọ́ọ̀lù

Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Yorùbá, irú Kristẹni méjì ni a máa ń rí nígbà tí àkókò Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bá tó. Ọ̀kan jókòó sí àyè rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí a bá bi í léèrè, yóò ní òun kò tíì pé. Èkejì dìde lọ, ó jẹ, ó mu, ó sì padà sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé Ọlọ́run ti dá òun láre lójú àwọn tí ń wá ìṣubú òun. Bíbélì kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà. Èkíní gbé ọ̀rọ̀ náà pé lé àyà, èkejì gbé dá láre lé orí ahọ́n. Èrò wa ni pé àṣìgbọ́ kan náà ni ó bí ìwà méjèèjì, àti pé àṣìgbọ́ náà jẹ mọ́ èdè kí ó tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn.

Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ni ó túmọ̀ Episteli sí àwọn ará Róòmù sí Yorùbá. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1850, nígbà tí ó ku ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí odindi Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884. Èyí túmọ̀ sí pé ìwé tí ó ṣe àlàyé ìdáláre wà lọ́wọ́ àwọn Kristẹni Yorùbá tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó ní Bíbélì tí ó pé. Crowther kò wá sí ìdí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òfo. Ó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì gbòòrò sí i ní 1852. Ọ̀dọ́mọdé tí ó ti lóye ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, nítorí náà ó ti gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń dá ẹjọ́ kí ó tó mọ ìwé kà.

Lórí ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti sọ jù ni ti lílò tí a lo Èṣù fún Sátánì, ẹjọ́ náà kò sì tíì tán nílẹ̀. Sanneh (1989) fi hàn pé bí a bá ti túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè kan, àwọn tí ó ni èdè náà ti di alábàápín nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Peel (2000) sì fi hàn bí ìpàdé Yorùbá àti ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ṣe tún ìtàn àwọn méjèèjì ṣe. Inú èrò báwọ̀nyí ni iṣẹ́ yìí dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ òrìṣà ni a fẹ́ wò. Àwọn ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ ni, tí ó dàbí ẹni pé kò ní awuyewuye nínú, tí ó sì jẹ́ pé lórí wọn ni ìgbàlà rọ̀ mọ́ nínú ìwé Pọ́ọ̀lù.

Jàre àti jẹ̀bi: gírámà ìdájọ́

Jẹ àre ni ó di jàre. Jẹ ẹ̀bi ni ó di jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó gbé méjèèjì, bí a bá sì wo ìlò rẹ̀, kò jìnnà sí èyí tí ó wà nínú jẹ gbèsè, jẹ oyè àti jẹ ìyà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ irú ẹ̀dá tí ènìyàn jẹ́. Ẹni tí ó jẹ gbèsè lè jẹ́ onínúure tàbí ahun. Ohun tí gbólóhùn náà sọ ni ibi tí ó dúró sí pẹ̀lú ẹni tí ó yá a lówó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó jẹ oyè dúró níwájú ìlú tí ó fi í joyè. Àre àti ẹ̀bi, ní ti gírámà, jẹ́ ohun tí ó ń ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá kan ènìyàn.

Èyí tún hàn síwájú sí i nígbà tí adájọ́ bá la ẹnu. Ó dá ọ̀kan láre, èyíinì ni pé ó dá a ní àre. Ó dá èkejì lẹ́bi, ó dá a ní ẹ̀bi. Ìhun méjèèjì bára mu délẹ̀. Kò sí sọ di nínú ọ̀kankan. Adájọ́ kì í sọ olè di olóòótọ́, kì í sì í sọ olóòótọ́ di olè. Ìkéde ni ó ń ṣe. Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa yíyí ìwà ènìyàn padà, ìhun mìíràn pátápátá ni wọ́n lò: sọ di mímọ́, tí ó bí ìsọdimímọ́.

Ìyàtọ̀ tí ó rọrùn báyìí ní Yorùbá ti dá ìjà sílẹ̀ ní Yúróòpù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Inú Látìnì ni Augustine ti ka ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù, níbi tí iustificare ti fara jọ sísọ ènìyàn di olódodo. Luther àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní ìkéde ni. Ìgbìmọ̀ Trent fèsì ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1547 pé ìdáláre kò mọ sí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ nìkan, pé ìsọdọ̀tun inú wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1999 ni Ìjọ Kátólíìkì àti àjọ àwọn ìjọ Luther tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Augsburg lórí ọ̀ràn náà. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2006. Àlùfáà Áńgílíkà ni Crowther, ìjọ rẹ̀ sì ti gba ti àwọn alátùn-únṣe nínú ẹ̀kọ́ kọkànlá lára Àwọn Ẹ̀kọ́ Mọ́kàndínlógójì ti 1571. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a rò pé ó fi agbára mú èdè Yorùbá láti gbè sẹ́yìn ìjọ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ rárá, dá láre ni ó wà nílẹ̀, ìkéde sì ni dá láre látilẹ̀wá. Ohun tí ó tún yẹ kí a sọ ni pé Yorùbá tí ó jẹ́ Kátólíìkì, tí ọ̀rọ̀ kan náà wà nínú Bíbélì rẹ̀, ní láti lọ wá ìdajì ẹ̀kọ́ ìjọ rẹ̀ nínú ìsọdimímọ́, nítorí kò lè rí i nínú dá láre.

Èdè Yorùbá pàdánù nǹkan kan níbí. Ní èdè Gíríìkì, dikaios, dikaiosune àti dikaioo jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, nítorí náà ẹni tí ń gbọ́ Pọ́ọ̀lù ń gbọ́ ohùn kan ṣoṣo nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ òdodo àti ìdáláre. Ní Yorùbá, òdodo kò bá àre tan. Ṣùgbọ́n àdánù yìí ní èrè tirẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, òtítọ́ ni òdodo kọ́kọ́ jẹ́: a ń ní kí ènìyàn sọ òdodo ọ̀rọ̀. Olódodo ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. A óò padà sí èyí láìpẹ́.

Dídá ẹlẹ́bi láre

Bí adájọ́ bá dá ẹni tí ó jẹ̀bi láre, kí ni Yorùbá ń pè é? Ẹjọ́ ègbè ni. Ó ti gba rìbá, tàbí ó ń gbè sẹ́yìn ará ilé rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá bá kà nínú orí kẹrin ìwé Róòmù pé àwọn ènìyàn búburú gan-an ni Ọlọ́run ń dá láre, etí rẹ̀ yóò ta. Ó yẹ kí ó ta. Ìwé Òwe, ní orí kẹtàdínlógún, ti ka irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ sí ìríra, Farisí tí ó mọ Ìwé Mímọ́ dunjú ni Pọ́ọ̀lù, kò sì lè ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò fi gún etí ni. Bí ìtumọ̀ Yorùbá ti ń dà wá láàmú níbẹ̀ jẹ́ àmì pé ó tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò le tó bẹ́ẹ̀ wà tí olùtumọ̀ ì bá lò: dárí jì. Òwe wa sọ pé ẹlẹ́jọ́ tí ó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bí ẹni tí ó ṣẹ̀ bá ti kúnlẹ̀, tí ó gbà pé òun ṣẹ̀, àwọn àgbà kì í jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ bó. Wọn yóò ní kí ó dìde, pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo irú ènìyàn tí ó dìde náà. Ẹlẹ́bi tí a dárí jì ni. Kò sí àgbà tí ó sọ fún un pé ó jàre. Bí ó bá tún ṣẹ̀ lọ́la, wọn yóò rán an létí pé ọ̀rọ̀ àná kò tíì tutù. Ìdáríjì gbà pé ẹ̀bi wà, ó kàn pinnu pé òun kò ní bèèrè rẹ̀ ni. Ìdáláre lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní ẹ̀bi kò sí. Ìdí nìyí tí orí kẹjọ ìwé Róòmù fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀bi, tí ó sì sọ pé kò sí mọ́ fún àwọn tí ó wà nínú Kristi. Kò sọ pé wọn kò ní àléébù mọ́. Orí keje tí ó ṣáájú rẹ̀ kún fún ìráhùn ẹni tí ó ń fẹ́ ṣe rere tí kò sì lè ṣe é. Ohun yòówù kí àwọn onímọ̀ sọ nípa ẹni tí ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìráhùn náà àti ìdájọ́ tí ó tẹ̀ lé e kò pa ara wọn rẹ́.

Ìtàn Farisí àti agbowó-òde, nínú orí kejìdínlógún Ìhìn Rere Lúùkù, fi ọ̀rọ̀ náà sí ojú ènìyàn. Agbowó-òde dúró lókèèrè, ó lu àyà rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́ṣẹ̀. A retí kí Jésù sọ pé a dárí jì í. Ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ ni ó lò dípò rẹ̀: ọkùnrin náà gba ìdáláre lọ sí ilé. Farisí ńkọ́? Kò sí ibi kankan nínú ìtàn náà tí a ti sọ pé ó purọ́. Ó gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó san ìdámẹ́wàá. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ẹlẹ́jọ́ ni, ó sì ti fi ara rẹ̀ jẹ adájọ́. Ó ti dá ẹjọ́ ara rẹ̀, ó sì ti dá ti aládùúgbò rẹ̀ mọ́ ọn.

Níbí ni òdodo ti padà wá. Agbowó-òde kò ní iṣẹ́ òdodo kankan láti kà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ òdodo ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni gbà wà, gbà yìí náà ni ó sì wà nínú gbà pé mo ṣẹ̀. Ẹni tí kò gba ẹ̀bi kò lè gba àre, nítorí ó ti rò pé àre wà lọ́wọ́ òun tẹ́lẹ̀. Bí a bá kà á báyìí, òwe ẹlẹ́jọ́ tí ó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kò tako Pọ́ọ̀lù. Ó mú wa dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀, nítorí kò mọ irú àre tí ó wà nínú ilé.

Kà sí: ẹni tí ń ka owó

Kí ni kò jẹ́ kí ìdájọ́ Ọlọ́run jẹ́ ẹjọ́ ègbè? Láti dáhùn, Pọ́ọ̀lù fi ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó lọ sí ìdí ìṣirò. Ìgbà mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ṣíṣe ìṣirò, logizomai, jáde nínú orí kẹrin ìwé Róòmù nìkan. Kà sí ni Yorùbá fi túmọ̀ rẹ̀: a ka ìgbàgbọ́ Ábúráhámù sí òdodo. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ka owó ẹyọ ni kà, láti orí ogójì dé ẹgbàá, láti ẹgbàá dé ọ̀kẹ́. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó níbẹ̀: owó iṣẹ́ tí a san fún òṣìṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀bùn, gbèsè ni.

Ṣùgbọ́n kà sí ní Yorùbá ní ojú kejì tí kò sí nínú ìwé ìṣirò. Bí ènìyàn bá ní, "Kò kà mí sí," kì í ṣe owó ni ó ń sọ. Ó ń sọ pé a kò bọ̀wọ̀ fún òun, a kò fi òun ṣe ènìyàn. Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá bá gbọ́ pé Ọlọ́run ka ẹnì kan sí olódodo, ohun méjì ni ó ń gbọ́: a ti kọ iye kan sí orúkọ rẹ̀, a sì ti ka òun fúnra rẹ̀ sí. Èyí ń dín agbára ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kan ẹ̀kọ́ ìkéde kù, pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni, tí kò kan ènìyàn. Ní Yorùbá, kò sí ẹni tí a kà sí tí kò mọ̀ ọ́n lára.

Ó tún yẹ kí a ṣàkíyèsí ẹni tí ó jẹ́ olùwà fún ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Onígbàgbọ́ kọ́ ni ó ń kà, Ọlọ́run ni. Kristẹni tí ó jókòó sí àyè rẹ̀ tí ó ní òun kò tíì pé ti gba iṣẹ́ olùkàwé lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ọ̀rọ̀ ìkànìyàn àti ìkawó ni pé: owó náà pé, ènìyàn pé. Ìtàn Ábúráhámù sì fi hàn bí méjèèjì ṣe tẹ̀ léra. Ní Jẹ́nẹ́sísì orí kẹẹ̀ẹ́dógún ni a ka ìgbàgbọ́ rẹ̀ sí òdodo. Ní orí kẹrìndínlógún ni ọ̀ràn Hágárì ṣẹlẹ̀, tí kò bu iyì kún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Orí kẹtàdínlógún ni Ọlọ́run tó sọ fún un pé kí ó máa rìn níwájú òun kí ó sì pé, kò sì tíì tán ní orí kan náà tí Ábúráhámù fi dojú bolẹ̀ tí ó rẹ́rìn-ín sí ìlérí. Kíkà ṣáájú pípé. Pọ́ọ̀lù tẹnu mọ́ irú ìtòtẹ̀lé yìí nígbà tí ó ní Ábúráhámù kò tíì kọlà nígbà tí a ka òdodo sí i. Ọ̀ràn Hágárì kò sí nínú àríyànjiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé tí ó ń kà.

Síbẹ̀, ta ni ó san gbèsè? Orí kẹta Róòmù dáhùn pẹ̀lú ìràpadà àti ẹ̀jẹ̀ Kristi, ó sì fi kún un pé nípa bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run ṣì jẹ́ olódodo bí ó tilẹ̀ ń dáni láre. Episteli sí àwọn Hébérù lo ọ̀rọ̀ kan tí ó bá àṣà ìyánilówó wa mu jùlọ: onígbọ̀wọ́. Bí ajigbèsè kò bá rí i san, onígbọ̀wọ́ ni olówó yóò mú. Pọ́ọ̀lù kò pe Jésù ní onígbọ̀wọ́ nínú ìwé Róòmù, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ṣe é fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ó kọ̀wé sí Fílémónì nítorí Ónẹ́símù, ó ní bí ọmọkùnrin náà bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí ó kà á sí òun lọ́rùn. Kò sọ pé Ónẹ́símù kò jẹ ẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹjọ́ ègbè àti ìdáláre nìyẹn: nínú ẹjọ́ ègbè, ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó pàdánù, nínú ìdáláre, ẹni tí ń dáni láre ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án.

Àbùkù, àbàwọ́n, ẹ̀gàn

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó fa ìdàrúdàpọ̀ jùlọ ni àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aláì: aláìlẹ́bi, aláìlábùkù, aláìlábàwọ́n, aláìlẹ́gàn. Ìró wọn jọra, wọ́n sì máa ń tẹ̀ léra nínú àdúrà títí wọn yóò fi dàbí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ojú ọjà tí a ti kó wọn wá kì í ṣe ọ̀kan. Ilé-ẹjọ́ ni ẹ̀bi ti wá. Orí pẹpẹ ni aláìlábùkù ti wá: ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá lò fún ọ̀dọ́-àgùntàn ìrékọjá náà ni ó lò fún àwọn onígbàgbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Éfésù. Ara aṣọ ni àbàwọ́n wà. Ẹ̀gàn sì wà ní ẹnu àwọn ènìyàn, ìdí sì nìyẹn tí Episteli kìíní sí Tímótì fi sọ ọ́ di ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo ayé ń wò.

Ní ti àbùkù, ìlò rẹ̀ ní Yorùbá ti kúrò ní orí ara ẹran. Bí a bá fi àbùkù kan ènìyàn, ìtìjú ni a fi kàn án. Bí a bá fẹ́ sọ àìpé ara tàbí ti ìwà, àléébù ni a sábà máa ń pè é. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ aláìlábùkù lónìí lè gbọ́ ọ bí ẹni tí ojú kò tì rí, èyí tí kò jẹ mọ́ ohun tí ó wà nínú ìwé Éfésù. Níbẹ̀, àìlábùkù jẹ́ ohun tí Ọlọ́run yan àwọn ènìyàn fún, tí ó sì fẹ́ mú wọn dé.

Ìrántí mìíràn tún wà nínú èdè àti àṣà wa tí ó yẹ kí a gbé wò. Ìwé Léfítíkù, ní orí kọkànlélógún, kò jẹ́ kí àlùfáà tí ó ní àbùkù lára sún mọ́ pẹpẹ. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá, ẹni òrìṣà ni afín, abuké àti arọ. Ọbàtálá, tí ó ni aṣọ àlà, ni ó ni wọ́n. Òrìṣà tí kò fẹ́ kí ìdọ̀tí kan ara aṣọ rẹ̀ ni ó pe ẹni tí ayé ń wò tìyanu-tìyanu ní ti òun. A kò sọ pé ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù ni èyí. Àléébù ara ni ti ẹni òrìṣà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ìdájọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé èrò pé ènìyàn lè ní àléébù kí ó sì jẹ́ ti Ẹni Mímọ́, nítorí pé Ẹni náà ni ó ni ín, kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Nínú àwọn ìjọ aláṣọ funfun, láti orí Kérúbù àti Séráfù ti 1925 dé orí Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ti 1947, àwòrán náà ṣì wà lójú wa. Ẹni tí ó wọ aṣọ náà mọ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìlò òde òní àti ewu rẹ̀

Nínú àdúrà òde òní, "Olúwa yóò dá ọ láre" sábà máa ń túmọ̀ sí pé ojú yóò ti ọ̀tá rẹ, pé ayé yóò rí i pé ìwọ ni o jàre. Ìlò yìí kò ṣàìní gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀ Sáàmù ni olùpẹ̀jọ́ ti ń ké pe Ọlọ́run láti dá ẹjọ́ òun, àwọn Kristẹni Yorùbá sì fẹ́ràn Sáàmù púpọ̀. Nínú irú Sáàmù bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń gbàdúrà mọ̀ pé a ti rẹ́ òun jẹ. Ẹni tí a fi ẹ̀sùn èké kàn ní ẹ̀tọ́ láti gbà á. Ewu ibẹ̀ ni pé kí ìtumọ̀ yìí gbé èkejì mì. Orí kẹta Róòmù ti kó gbogbo ènìyàn, Júù àti Gíríìkì, sí abẹ́ ẹ̀bi. Ẹni tí ó bá gbé dá láre ti inú Sáàmù wọ inú Róòmù ti wá sí ilé-ẹjọ́ bí olùpẹ̀jọ́, níbi tí a ti pè é gẹ́gẹ́ bí olùjẹ́jọ́. Ibi tí Farisí dúró sí ni ó dúró sí, bí ó tilẹ̀ ń ka ìwé agbowó-òde.

Ewu kejì ni ti ẹ̀gàn. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Lambeth ní 1888 pinnu pé kí a má ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tí ó bá ṣì ní ju aya kan lọ, ṣùgbọ́n pé a lè ṣe é fún àwọn aya rẹ̀ nígbà mìíràn. Ọ̀ràn náà wà lára ohun tí ó ya àwọn ìjọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ dá sílẹ̀ ní Èkó, bí African Church ti 1901, sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìjọ tí wọ́n ti jáde wá. Ọdún 1988 ni Lambeth tó ṣí ọ̀nà díẹ̀. Ibi yòówù kí a dúró sí lórí ìgbéyàwó, ohun kan ṣe kedere: ohun tí ojú rí ni a fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ojú kò rí ìlara, kò rí ojúkòkòrò, kò rí ìgbéraga. Bí ìjọ bá fi aláìlẹ́gàn rọ́pò aláìlẹ́bi, ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi nǹkan pamọ́ ni yóò máa wọlé.

Àtakò kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Bí aláléébù bá lè jẹ́ aláìlẹ́bi, kí ni yóò mú un fi àléébù rẹ̀ sílẹ̀? Wọ́n bi Pọ́ọ̀lù ní ìbéèrè yìí, tàbí kí ó jẹ́ pé òun ni ó bi ara rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ orí kẹfà, ó sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Jákọ́bù tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ wà nínú ohun tí a fi ń dáni láre. Ó wú wa lórí pé àwọn olùtumọ̀ Yorùbá lo dá láre kan náà fún Jákọ́bù tí wọ́n lò fún Pọ́ọ̀lù. Wọn kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn láti bo awuyewuye náà mọ́lẹ̀. A rò pé èdè fúnra rẹ̀ ṣe àlàyé díẹ̀. Ẹni tí onígbọ̀wọ́ san gbèsè fún, tí ó tún padà lọ jẹ gbèsè mìíràn lọ́jọ́ kejì, kò sọ ìwé ìṣirò di irọ́. Ojú onígbọ̀wọ́ ni kò kà sí. Kà sí ń béèrè kà sí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé èdè Yorùbá lè sọ ọ́ láìtako ara rẹ̀ pé ènìyàn kan ní àléébù ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀bi. Ìdájọ́ ni ó ń mú ẹ̀bi kúrò. Ìsọdimímọ́ ni ó ń fọ àbàwọ́n. Ẹ̀gàn wà lọ́wọ́ ayé. Pípé sì jẹ́ ibi tí a ń lọ. Ìgbàgbọ́ ni ọ̀nà tí ẹlẹ́jọ́ fi ń gbà pé òtítọ́ ni ẹ̀sùn náà, tí ó sì ń gba àre tí kì í ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ń tún Bíbélì Yorùbá túmọ̀ ṣọ́ra kí wọ́n má baà fi aláìlẹ́bi àti aláìlábùkù rọ́pò ara wọn nítorí àti mú kí gbólóhùn dùn létí. Ó sì yẹ kí àwa tí ń kọ́ni ní èdè gba èdè àdúrà àti ìwàásù gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń yí padà lójú wa.

Ẹni tí ó jókòó sí àyè rẹ̀ ní àkókò Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa sọ òtítọ́: kò tíì pé. Ohun tí kò mọ̀ ni pé a kò béèrè pípé ní ẹnu ọ̀nà náà. Ẹni tí ó dìde lọ pẹ̀lú ìṣẹ́gun lórí ọ̀tá rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Bí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kò ní pẹ́ níbẹ̀.